ONÍLÙ INÚ ÀYÀ WA ÀTI OHUN TÍ Ó Ń DÀ Á LÁÀMÚ

Ẹ̀kọ́ ìlera wa lóṣù yìí dá lé orí ọkàn, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ọkàn ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Ibi kékeré kan lára rẹ̀ ni, tí gígùn rẹ̀ kò ju sẹ̀ǹtímítà 1 sí 2 lọ. Láti ibẹ̀ ni àṣẹ ti ń wá pé kí ọkàn lù. Bí ibẹ̀ bá ní àbùkù, ènìyàn lè máa dákú lójijì, ó lè máa rẹ̀ ẹ́ láìṣe iṣẹ́ kankan, kí àwọn ará ilé sì máa wá ọ̀tá tí ó ṣe é kiri àdúgbò. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ní bàbá àgbà tàbí ìyá àgbà nílé, àwa ọmọ ni wọ́n sì máa ń rán láti ra oògùn wá fún wọn. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ yìí fi kàn wá.

Kí ni a ń pè ní onílù?

Ọkàn ní yàrá mẹ́rin, méjì lókè, méjì nísàlẹ̀. Lára ògiri yàrá òkè ti apá ọ̀tún, níbi tí iṣan ńlá tí ó ń gbé ẹ̀jẹ̀ bọ̀ láti orí àti apá ti wọlé, ni àwọn sẹ́ẹ̀lì kan kóra jọ sí tí àwọn dókítà ń pè ní sinus node. Nínú ẹ̀kọ́ yìí, onílù ni a ó máa pè é. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa ta iná mànàmáná kékeré kan jáde, ní ìgbà 60 sí 100 láàárín ìṣẹ́jú kan nígbà tí àgbàlagbà bá jókòó jẹ́ẹ́. Iná yìí yóò ràn ká yàrá òkè méjèèjì, àwọn yàrá náà yóò sì súnkì. Yóò dúró díẹ̀ ní ibùdó kejì tí ó wà láàárín òkè àti ìsàlẹ̀, kí ẹ̀jẹ̀ lè ráyè sọ̀kalẹ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò gba ojú ọ̀nà kan tí ó dà bí okùn wáyà lọ sí àwọn yàrá ìsàlẹ̀, àwọn náà yóò súnkì, ẹ̀jẹ̀ yóò sì tú jáde lọ sí gbogbo ara. Bí ọkàn bá ń lù ní ìgbà 70 láàárín ìṣẹ́jú kan, ìlù 100,800 ni ó ń lù lójúmọ́, kò sì gba ìsinmi.

Ẹni tí ó bá ti dúró ti àwọn onílù dùndún rí yóò mọ ohun tí à ń sọ. Ìyáàlù ni ó ń darí, àwọn yòókù ń tẹ̀lé e. Ọkàn náà ní àwọn omele tirẹ̀. Ibùdó kejì tí a mẹ́nu bà yẹn lè dá lù bí onílù bá dákẹ́, ṣùgbọ́n ìgbà 40 sí 60 ni agbára rẹ̀ mọ. Àwọn okùn ìsàlẹ̀ náà lè dá lù, tiwọn kò sì ju 20 sí 40 lọ. Nítorí èyí ni ọkàn kì í fi í sábà dúró pátápátá nígbà tí onílù bá ń ṣàìsàn. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn omele a máa pẹ́ kí ó tó gba ìlù náà, àárín àkókò yẹn gan-an ni ènìyàn máa ń ṣubú lulẹ̀.

Báwo ni onílù ṣe ń lù láìsí ẹni tí ó ń pàṣẹ fún un? Àwọn sẹ́ẹ̀lì ẹran ara wa yòókù máa ń dúró jẹ́ẹ́ títí a ó fi pè wọ́n. Ti onílù kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ìlù kan bá ti parí ni àwọn èròjà bíi sódíọ̀mù yóò bẹ̀rẹ̀ sí í jò wọ inú sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí omi tí ń kán sínú ìkòkò. Nígbà tí ó bá kún dé ojú àmì, kálísíọ̀mù yóò ya wọlé, iná yóò tàn, ìlù mìíràn yóò sì dún. Ní 1979, Hilary Brown, Dario DiFrancesco àti Denis Noble ṣàlàyé ìjò yìí ní Oxford. Wọ́n rí i pé ìwà rẹ̀ yàtọ̀ sí ti gbogbo ìyókù, nítorí pé ìgbà tí ó yẹ kí ojú ọ̀nà pa dé ni tirẹ̀ ń ṣí. Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ ni ìṣàn apanilẹ́rìn-ín, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára títí di òní.

Okùn iṣan méjì ni ó ń wá sí ọ̀dọ̀ onílù láti inú ọpọlọ. Ọ̀kan ń sọ fún un pé kí ó yára, èkejì, tí wọ́n ń pè ní vagus, ń sọ pé kí ó rọra. Bí a bá jókòó jẹ́ẹ́, ti èkejì yìí ni ó ń borí. Ẹ̀rí rẹ̀ wà lára àwọn tí wọ́n gba ọkàn ẹlòmíràn. Wọ́n ti gé okùn méjèèjì kí wọ́n tó gbé ọkàn náà sí wọn láyà, nítorí bẹ́ẹ̀ ọkàn náà sábà máa ń lù ní bí ìgbà 90 sí 110 láàárín ìṣẹ́jú kan, bí ẹni náà tilẹ̀ wà lórí ibùsùn.

Ó ti pẹ́ tí àwọn oníṣègùn ti ń tẹ́tí sí ìlù yìí. Ibn Sina, tí ó kú ní 1037, kọ ọ̀rọ̀ púpọ̀ nípa ìlù iṣan ọrùn ọwọ́ sínú ìwé ìṣègùn ńlá rẹ̀, Al-Qanun. Ṣùgbọ́n onílù fúnra rẹ̀ fara pamọ́ títí di 1906. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó ń kọ́ṣẹ́ dókítà, Martin Flack, wà ní abúlé kan ní Kent ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀, Arthur Keith. Ọkàn ẹranko kékeré kan tí ó ń gbé inú ilẹ̀, tí òyìnbó ń pè ní mole, ni ó ń wò lábẹ́ ẹ̀rọ tí ń sọ nǹkan di ńlá, tí ó fi rí àkójọ sẹ́ẹ̀lì tí ẹnikẹ́ni kò tíì kọ nípa rẹ̀. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1907. Ní 1906 yẹn kan náà ni Sunao Tawara, ọmọ ilẹ̀ Japan tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Marburg ní Jámánì, ti ṣàlàyé ibùdó kejì. Ẹ ò rí i pé ọmọ iṣẹ́ ni ó rí i, kì í ṣe ọ̀gá!

Yíyára kì í ṣe àìsàn onílù nígbà gbogbo

Kí á tó sọ̀rọ̀ àìsàn, ẹ jẹ́ kí á yọ ohun tí kì í ṣe àìsàn kúrò. Bí ibà bá mú ènìyàn, ìlù ọkàn a máa fi bí 10 lé sí i fún ìwọ̀n ooru kọ̀ọ̀kan tí ara bá fi gbóná sí i. Àìtó ẹ̀jẹ̀, àìtó omi lára, ìbẹ̀rù, oyún, àti ọtí agbára inú agolo tí àwọn ọ̀dọ́ ń mu nísinsìnyí, gbogbo wọn ni ó ń mú onílù sáré. Onílù kò ní ẹ̀ṣẹ̀ kankan níbẹ̀, ohun tí wọ́n ní kí ó ṣe ni ó ń ṣe. Ohun tí ó mú un sáré ni kí á tọ́jú. Nígbà tí ẹ̀ṣẹ́ tí ó wà ní ọ̀fun, tí ń pèsè èròjà tairọ́ọ̀dù, bá ń ṣiṣẹ́ àṣejù, ọkàn lè máa sáré lójoojúmọ́ kódà lójú oorun. Bí ẹni tí ó ní gẹ̀gẹ̀ bá ń rù, tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, tí àyà rẹ̀ sì ń lù kìkì, ilé ìwòsàn ni kí ó lọ.

Bẹ́ẹ̀ náà ni lílọ́ra. Ọ̀dọ́ tí ó ń gbá bọ́ọ̀lù tàbí tí ó ń sáré ìje lójoojúmọ́ lè ní ìlù 45, kí ara rẹ̀ sì le koko. Lójú oorun, tiwa náà lè lọ sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀dọ́ tí ó dúró pẹ́ nínú oòrùn, tí ó rí ẹ̀jẹ̀ tàbí abẹ́rẹ́ tí ó sì ṣubú, okùn vagus ni ó fa ìlù rẹ̀ sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ó sùn sílẹ̀, kí ẹ gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè, yóò jí. Àwọn ènìyàn máa ń fẹ́ gbé irú ẹni bẹ́ẹ̀ dìde lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, èyí kò dára, nítorí orí tí ẹ̀jẹ̀ kò tó ni wọ́n tún ń gbé sókè.

Àìsàn onílù gan-an

Ní 1967 ni Bernard Lown, dókítà ọkàn ní Amẹ́ríkà, fún àìsàn náà ní orúkọ tí gbogbo ayé ń lò, èyí tí a lè túmọ̀ sí onílù tí ara rẹ̀ kò yá. Oríṣiríṣi ọ̀nà ni ó fi ń hàn. Onílù lè máa lọ́ra jù ní gbogbo ìgbà. Ó lè dákẹ́ lójijì fún ìṣẹ́jú-àáyá 3 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó lè lù ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n kí àwọn iṣan tí ó yí i ká ti yigbì, kí ìlù náà má lè jáde. Àwọn mìíràn wà tí onílù wọn ń lù dáadáa bí wọ́n bá jókòó, ṣùgbọ́n tí kò lè yára nígbà tí wọ́n bá ń gun òkè tàbí tí wọ́n bá ru ẹrù, kíá ni ó ti ń rẹ̀ wọ́n. Èyí tí ó ń da àwọn dókítà láàmú jù ni ti ẹni tí ọkàn rẹ̀ ń sáré ségesège fún wákàtí kan, tí ó sì dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀ nígbà tí eré náà bá dáwọ́ dúró. Bí wọ́n bá fún un ní oògùn tí ń dín eré kù, lílọ́ra rẹ̀ yóò tún burú sí i.

Kí ni ó ń fà á?

Ọjọ́ orí ni olórí rẹ̀. Bí a ti ń dàgbà, àwọn sẹ́ẹ̀lì onílù ń dín kù, iṣan líle bí àpá ọgbẹ́ ń gba ipò wọn. Ìdí nìyí tí ó fi wọ́pọ̀ lára àwọn tí ó ti kọjá ọdún 65. Ẹ̀jẹ̀ ríru tí a kò tọ́jú ń mú kí ó yá, nítorí ó ń na àwọn yàrá òkè. Onílù náà sì ní iṣan ẹ̀jẹ̀ kan tí ń bọ́ ọ. Nínú bí ènìyàn 60 nínú 100, láti ara iṣan ńlá apá ọ̀tún ni ó ti yà, nínú àwọn yòókù, láti apá òsì. Bí ọ̀rá bá dí ọ̀nà yìí, ebi yóò pa onílù.

Ohun tí a fẹ́ kí ẹ fi ọkàn sí jù lọ ni oògùn, nítorí pé èyí ni ó rọrùn jù láti rí, òun náà ni a kì í sì í wò. Ọ̀pọ̀ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ń rọ onílù. Propranolol àti atenolol ń ṣe é, verapamil àti diltiazem ń ṣe é, clonidine àti methyldopa náà wà lára wọn. Digoxin tí a ń fún ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò lágbára lè dá onílù dúró bí ó bá pọ̀ jù lára, ó sì tètè ń pọ̀ jù lára ẹni tí kídìnrín rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ dáadáa. Oògùn rere ni gbogbo wọn, wọ́n ń gba ẹ̀mí là. Wàhálà ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ilé ìwòsàn kan bá fún bàbá ní ọ̀kan, tí òmíràn tún fún un ní èkejì, tí kò sì sí ẹni tí ó kó gbogbo páálí oògùn náà jọ sójú kan láti wò ó.

Ẹ̀kán ojú ni ọ̀pọ̀ kì í kà sí oògùn rárá. Gulukóómà, àìsàn tí ń fọ́ ojú láìdunni, wọ́pọ̀ láàárín àwa ènìyàn Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, timolol sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀kán tí a ń lò fún un. Ìdílé kan náà ni òun àti propranolol. Bí a bá kán an sí ojú, díẹ̀ nínú rẹ̀ ń gba ọ̀nà omijé lọ sí imú, láti ibẹ̀ ó ń wọ inú ẹ̀jẹ̀, ó sì lè rọ ìlù ọkàn. Ìyá àgbà tí ó ń lo ẹ̀kán yìí, tí ó sì tún ń gbé oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mì, lè bẹ̀rẹ̀ sí í ní òòyì láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rò ó dé ibẹ̀. Bí a bá ti kán an tán, kí á pa ojú dé, kí á fi ìka tẹ igun ojú tí ó wà lẹ́bàá imú fún bí ìṣẹ́jú 2, díẹ̀ ni yóò gba ibẹ̀ kọjá. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe tìtorí ẹ̀kọ́ yìí dá oògùn òbí rẹ̀ dúró o! Ojú lè fọ́, ẹ̀jẹ̀ sì lè ru sókè lójijì bí a bá já irú oògùn bẹ́ẹ̀ gidi. Kí ẹ kó wọn dání lọ bá dókítà ni.

Ọ̀rọ̀ kan náà kan àwa ọ̀dọ́. Àwọn kan máa ń gbé propranolol mì kí àyà má baà já wọn nígbà ìdánwò tàbí níwájú èrò, láìjẹ́ pé dókítà kọ ọ́ fún wọn. Bí ẹni náà bá ní ikọ́ asẹ́má, oògùn yìí lè dí ọ̀nà èémí rẹ̀. A kò rí ìdí tí ènìyàn yóò fi fi ẹ̀mí ta tẹ́tẹ́ nítorí ìdánwò.

Àìsàn tí ó wà níbòmíràn lára náà lè dé ọ̀dọ̀ onílù. Bí tairọ́ọ̀dù bá kéré jù, ìlù yóò lọ́ra, òtútù yóò máa mú ẹni náà, ara rẹ̀ yóò wúwo, ohùn rẹ̀ yóò há. Bí kídìnrín bá kọṣẹ́, pọ́tásíọ̀mù yóò pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, èyí sì lè pa ìlù ọkàn láàárín wákàtí díẹ̀. Ibà táífọ́ọ̀dù a máa mú kí ìlù lọ́ra ju bí gbígbóná ara ti yẹ kí ó rí lọ. Ẹni tí ń hanrun, tí èémí rẹ̀ sì ń dúró lóru tí ó ń fò sókè, ìlù ọkàn rẹ̀ ń lọ sílẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí èémí náà bá dúró. Oògùn kòkòrò tí wọ́n fi dichlorvos ṣe, tí àwọn kan ń dà sí ẹ̀wà kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́, tún jẹ́ májèlé fún onílù: ẹni tí ó bá wọ̀ lára yóò máa da itọ́ àti omijé, yóò máa làágùn, ìlù ọkàn rẹ̀ yóò sì máa lọ sílẹ̀. Ilé ìwòsàn kíá ni.

Àwọn ìdí kan wà tí ilẹ̀ àti ìran ń fà. Ní Brazil, kòkòrò kan tí ń mu ẹ̀jẹ̀ lóru ń gbé àìsàn Chagas kiri. Carlos Chagas ṣàlàyé rẹ̀ ní 1909. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún tí ènìyàn ti gbàgbé pé kòkòrò jẹ òun, ó lè ba onílù àti àwọn okùn rẹ̀ jẹ́. Ní Amẹ́ríkà ẹ̀wẹ̀, bí ènìyàn 3 sí 4 nínú 100 nínú àwọn aláwọ̀ dúdú ni ó ní àyípadà kan nínú àbùdá ara wọn, èyí tí a tún rí ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí àwọn baba ńlá wọn ti wá. Kì í ṣe gbogbo wọn ni yóò ṣàìsàn, ṣùgbọ́n lára àwọn kan, nígbà ogbó, èròjà kan tí ó dì yóò há sínú ẹran ọkàn, ọkàn yóò le gan-an-ran, ọ̀nà iná inú rẹ̀ yóò sì dí. Ní ti ọmọdé, àbùkù nínú àbùdá tí a ń pè ní HCN4, èyí tí ń pèsè ojú ọ̀nà ìṣàn apanilẹ́rìn-ín tí a sọ lẹ́ẹ̀kan, lè mú kí ìlù lọ́ra láti ìgbà èwe. Iṣẹ́ abẹ lára yàrá òkè ọkàn náà lè ṣèèṣì gbá onílù.

Ṣé wárápá ni àbí ọkàn?

Ìbéèrè yìí ṣe pàtàkì. Nígbà tí ọkàn bá dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ọpọlọ kò rí ẹ̀jẹ̀, ẹni náà yóò ṣubú, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ sì lè gbọ̀n. Àwọn tí ó wà níbẹ̀ yóò ní wárápá ni. Àwọn dókítà méjì ní Dublin, Robert Adams ní 1827 àti William Stokes ní 1846, ti kọ̀wé pé irú ìṣubú yìí lè ti ara ìlù ọkàn tí ó lọ́ra wá. Ẹni tí ọkàn ṣubú fún sábà máa ń funfun lójú, ó máa ń tètè jí, orí rẹ̀ sì máa ń pé lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹni tí wárápá mú sábà máa ń pẹ́ kí ó tó mọ ibi tí ó wà. Èyí kò tó láti dá ẹjọ́, ṣùgbọ́n ó tó láti sọ fún dókítà. Arúgbó tí wárápá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lára rẹ̀ lẹ́ni ọdún 70, kí wọ́n yẹ ọkàn rẹ̀ wò.

Ẹ kọ́ bí a ti ń ka ìlù. Ẹ fi ìka méjì sí ọrùn ọwọ́ lábẹ́ àtàǹpàkò, kí ẹ má lo àtàǹpàkò fúnra rẹ̀, kí ẹ wo aago fún ìṣẹ́jú 1 gbáko. Bí ìlù arúgbó yín bá wà lábẹ́ 50, tí ó sì ní òòyì, àárẹ̀, èémí kíkúrú tàbí dídákú, ẹ gbé e lọ. Ní ilé ìwòsàn wọ́n yóò ya ìlù náà sórí ìwé pẹ̀lú ẹ̀rọ ECG, iṣẹ́ tí Willem Einthoven fi gba ẹ̀bùn Nobel ní 1924. Ó lè jẹ́ pé onílù ń lù dáadáa ní ọjọ́ náà. Nígbà náà wọ́n lè so ẹ̀rọ kékeré kan mọ́ ọn láyà fún wákàtí 24 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n yóò yẹ oògùn, tairọ́ọ̀dù àti pọ́tásíọ̀mù wò, nítorí bí ìdí rẹ̀ bá jẹ́ èyí tí a lè mú kúrò, ọ̀rọ̀ lè parí síbẹ̀.

Bí kò bá ṣeé mú kúrò, tí àìsàn náà sì ń dá ẹni náà wó, ẹ̀rọ onílù àtọwọ́dá ni ìwòsàn rẹ̀. Oògùn gbígbé mì kò tíì lè ṣe iṣẹ́ yẹn. Abẹ́ awọ àyà ni wọ́n ń fi í sí, wáyà rẹ̀ yóò sì gba inú iṣan lọ sí ọkàn. Ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n fi í sí lára ni Arne Larsson, ní Stockholm, ní ọjọ́ 8 oṣù kẹwàá 1958. Ẹ̀rọ àkọ́kọ́ yẹn kò pẹ́ ju wákàtí díẹ̀ lọ. Wọ́n fi òmíràn rọ́pò rẹ̀, ẹ̀rọ 26 ni ó sì lò kí ó tó kú ní 2001 ní ẹni ọdún 86, ó pẹ́ láyé ju dókítà tí ó ṣe iṣẹ́ abẹ náà lọ. Bátìrì ti òde òní lè tó ọdún 8 sí 12. Àwọn kan tilẹ̀ wà nísinsìnyí tí kò ní wáyà, tí ó kéré bí hóró oògùn kápúsù, inú ọkàn gan-an ni wọ́n ń gbé e sí. Ẹni tí ó ní ẹ̀rọ yìí lè lo fóònù, ṣùgbọ́n kí ó má fi í sínú àpò àyà tí ó wà lórí ẹ̀rọ náà, kí àlàfo sẹ̀ǹtímítà 15 wà láàárín wọn, kí ó sì máa sọ fún gbogbo ẹni tí ó bá fẹ́ yẹ ara rẹ̀ wò pẹ̀lú ẹ̀rọ MRI.

Àwọn ilé ìwòsàn ńlá ní Nàìjíríà, UCH ní Ìbàdàn lára wọn, ń ṣe iṣẹ́ yìí. Owó ni ìṣòro. Àwọn dókítà Yunifásítì Michigan ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í gba ẹ̀rọ tí bátìrì rẹ̀ ṣì lágbára lára àwọn tí ó ti kú, pẹ̀lú àṣẹ ẹbí, wọ́n ń fọ̀ ọ́ mọ́, wọ́n ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ní oṣù kọkànlá 2024 wọ́n sọ àbájáde ìdánwò tí wọ́n ṣe pẹ̀lú nǹkan bí 300 aláìsàn ní orílẹ̀-èdè mélòó kan, Nàìjíríà sì wà lára wọn. Apá kan gba ẹ̀rọ tuntun, apá kejì gba èyí tí a ti lò rí. Lẹ́yìn 90 ọjọ́, èyí tí a ti lò rí kò ṣiṣẹ́ burú ju tuntun lọ, egbò kíkẹ̀ kò sì pọ̀ sí i lára àwọn tí ó gbà á.